Ìgbà Mélòó Kí Mẹ́fà Tó Jáde

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ ni nǹkan yìí wọ̀ mí lára. Mo ní ìsọ̀ kékeré kan ní Atakpamé tí mo ti ń tún fóònù ṣe, lẹ́bàá ibi tí àwọn sẹmíjàn ń dúró sí. Sẹmíjàn ni a ń pe àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò níbí, àbúrò mi ọkùnrin sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí òjò bá ti dé, gbogbo wọn á rọ́ wá sábẹ́ páànù iwájú ìsọ̀ mi, wọn á gbé pátákó lúdò jáde, ariwo á sì bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n ní kí n wá jókòó, nítorí ẹni kẹrin wọn ti sùn lọ.

Ẹni tó bá ń ta lúdò mọ̀ pé ọmọ rẹ kò lè jáde nílé àfi tí dáìsì bá fi mẹ́fà hàn. Mo jù ú, ó di mẹ́ta. Mo tún jù ú, ó di ọ̀kan. Ọmọ àwọn yòókù ti ń yí pátákó ká, tèmi ṣì jókòó sílé bí ìyàwó tuntun.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti gbé bẹ́ẹ̀dì wọ inú ilé yẹn ni?" àbúrò mi bi mí.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni ẹlòmíràn dáhùn. "Wọ́n fẹ́ràn ilé wọn."

Mo ní mẹ́fà ni kì í fẹ́ jáde. Àgbà sẹmíjàn kan tó jókòó lórí àpò sìmẹ́ńtì wò mí, ó ní, "Mẹ́fà ń jáde dáadáa. Ìwọ ni o kò ní sùúrù. Sáà ti jù ú lẹ́ẹ̀mẹrin."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin?"

"Bí mo ṣe máa ń rí i nìyẹn."

Gbólóhùn yẹn ló mú mi. Ní ọ̀sán Sunday tó tẹ̀ lé e, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí a sì ti jẹun, mo mú dáìsì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ilé wa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú ní mẹ́rin-mẹ́rin. Lóòótọ́ ni! Nínú ìgbà tí mo bá jù ú lẹ́ẹ̀mẹrin, èyí tí mẹ́fà ń yọjú ń fi díẹ̀ ju èyí tí kò yọjú lọ. Mo wá jókòó, mo fi igi kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojú mẹ́fà ni dáìsì ní. Bí o bá jù ú lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀nà tó lè gbà bọ́ jẹ́ mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà, lọ́nà mẹ́fà, lọ́nà mẹ́fà: 1,296 ni. Nínú wọn, 625 ni kò ní mẹ́fà kankan nínú. Ó ku 671. Ìyẹn ni pé ju ìdajì lọ ni ó ní mẹ́fà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé bí o bá mú ìjù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ohun tó ń sọ fún ọ ni pé mẹ́fà kò ní jáde.

Mo dìde, mo tún jókòó, mo tún dìde. Ìyàwó mi tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì bojú wò mí.

"Ṣé èèrà ló ta ọ́ ni?"

"Gbọ́ ná! Ìjù kọ̀ọ̀kan ń sọ pé rárá, ṣùgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀ ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ó dáa," ni ó wí, ó sì ń ṣa òkúta rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo ra ògbólógbòó ìwé ìṣirò Faransé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ líísè, ilé ẹ̀kọ́ girama wa, ń lò ní kíláàsì ìparí. Olùkọ́ kan tó gbé fóònù wá sọ́dọ̀ mi ṣàlàyé àwọn àmì tí n kò mọ̀ fún mi, èmi náà sì tún gíláàsì fóònù rẹ̀ ṣe dáadáa ju bí ó ti rò lọ. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí: bí nǹkan kan bá máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nínú ọgọ́rùn-ún, má ṣe rò pé ó di ìgbà ọgọ́rùn-ún kí o tó máa retí rẹ̀. Ní ìgbà kọkàndínláàádọ́rin, ó ti ju ìdajì lọ díẹ̀ pé o ti pàdé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún, ìgbà bí ọgọ́rùn-ún méje ni. Sáà máa mú ìdá méje nínú mẹ́wàá, o kò ní ṣì í púpọ̀. Mo sọ èyí fún gbogbo oníbàárà mi. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù wọn sílẹ̀, wọ́n á ní àwọn ń padà bọ̀.

Títí dé ibẹ̀, eré ni. Mẹ́fà jẹ́ ohun tí ènìyàn ń fẹ́. Kò tíì wá sí mi lọ́kàn pé mẹ́fà lè jẹ́ ohun tí ènìyàn ń sá fún.

Ó wá sí mi lọ́kàn ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan. Mò ń fẹsẹ̀ gun òkè lọ sílé ìyá wa. Orí òkè ni ilé náà wà, bí ọ̀pọ̀ ilé ní Atakpamé. Ọ̀nà tó ti ibẹ̀ lọ sí ọjà jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn kan tó yí kọ́nà níbi àpáta ńlá kan, tí ẹni tó ń bọ̀ lókè kò sì lè rí ohun tó wà lẹ́yìn àpáta náà. Mo kàn rí i tí nǹkan kan fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fẹ̀ẹ̀, láìdún. Mo yíjú. Àbúrò mi ni, lórí alùpùpù rẹ̀. Ìyá wa ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé agbọ̀n ata gbígbẹ lé itan, afẹ́fẹ́ ti fẹ́ gèlè rẹ̀ bí bàlúùnù, ó sì ń juwọ́ sí mi.

Àṣà àwọn sẹmíjàn wa ni. Rúlíbù ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tí a yá lẹ́nu àwọn Faransé. Bí wọ́n bá ti dé orí òkè, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́, wọ́n á sì jẹ́ kí alùpùpù máa yọ́ lọ fúnra rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, kí epo má bàa jó. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, èmi náà ti jókòó sẹ́yìn irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ohun tí mo rí yàtọ̀. Mo rí dáìsì tí wọ́n ń jù. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà ní pípa, fèrè kò lè dún níbi àpáta. Iná ẹ̀yìn kò lè tàn. Ẹ́ńjìnnì kò bá ọ fa ọkọ̀ sẹ́yìn mọ́. Ìjánu nìkan ló kù, èyí tó ti gbóná láti òkè. Àbúrò mi ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ìyá wa sì ń bá a lọ ní gbogbo ọjọ́ ọjà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ nígbà tí a jọ ń jẹ fùfú, bí a ṣe ń pe iyán níbí, nílé ìyá wa.

"Ṣé ẹ rí i pé ó léwu?" mo ní.

"Léwu báwo?" àbúrò mi ní. "Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ṣe é. Ẹ wò mí. Ṣé ẹsẹ̀ kan ni mo ní?"

"Ìyẹn fi hàn pé ewu náà kéré. Kò fi hàn pé kò sí."

"Èmi fẹ́ràn rẹ̀," ni ìyá wa wí. "Ó máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń gbọ́ ohùn ẹyẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ké, orí á máa fọ́ mi títí dé ọjà."

"Ìyá, ọdún yín ti lé ní àádọ́rin."

"Ta ló ní kí o ka iye yẹn? Ṣé òun náà wà nínú ìwé ìṣirò rẹ ni?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní ká sọ pé lẹ́ẹ̀kan péré nínú ẹgbẹ̀rún ni nǹkan máa ń dí ọ̀nà níbi àpáta náà lọ́nà tí ìjánu nìkan kò fi ní tó. Lẹ́ẹ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún! Ohun tí ènìyàn ò ní kà sí. Ṣùgbọ́n ọgọ́ta ìgbà lọ́sẹ̀ ni àbúrò mi ń sọ̀kalẹ̀, kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti ju ìdajì lọ pé ó ti bá a pàdé. Bí ó bá sì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, bí ọdún méjì lé díẹ̀ ni. N kò mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì, mo sì sọ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ti jókòó síbẹ̀ kà á rí.

Àbúrò mi fọwọ́ lá ọbẹ̀, ó sì fún mi ní èsì tí n kò retí.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ewu díẹ̀díẹ̀ bá ń di púpọ̀, ṣé epo díẹ̀díẹ̀ tí mò ń fi pamọ́ kò ní di púpọ̀ ni?"

Ìyá wa pàtẹ́wọ́. "Ó mú ọ! Ó mú ọ dáadáa!"

Ó mú mi lóòótọ́. Ìṣirò kan náà ni, òun náà sì ní ẹ̀tọ́ láti lò ó. Mo ní ká wọn epo náà. Ọ̀sẹ̀ kan, ó ṣe rúlíbù bí ó ti máa ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. A lo irú ìgò onílítà kan tí wọ́n fi ń ta epo lẹ́bàá ọ̀nà, a bu epo wọ táńkì nínú rẹ̀, a sì fà á jáde padà ní òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo fi ẹnu fa rọ́bà tí a fi ń fà á jáde, mo sì mọ adùn epo di òní. Ìyàtọ̀ àárín ọ̀sẹ̀ méjèèjì kò kún ìgò kan. Ó ku bí ìka méjì kó dé ọrùn.

"Ṣé o rí i?" mo ní. "Kò tiẹ̀ kún ìgò!"

"Ìgò kan lọ́sẹ̀!" àbúrò mi pariwo, inú rẹ̀ ń dùn. "Èmi rò pé ìdajì ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an, ẹ ti jẹ́rìí fún mi."

Ó lọ sọ fún gbogbo àwọn tó wà ní ibùdó. Ẹni méjì tí kì í ṣe rúlíbù tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ibi tí ìmọ̀ mi gbé mi dé nìyẹn.

N kò sùn sórí ọ̀rọ̀ náà. Sẹmíjàn mọ́kàndínlógún ló wà ní ibùdó náà. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe ka ti ẹnì kan, kí wọ́n ka ti gbogbo wọn pa pọ̀. Ṣebí ọ̀kan ti bá àpò èédú rẹ̀ wọ inú gọ́tà, tí eegun èjìká rẹ̀ sì ṣẹ́? Ṣebí òmíràn ti kọlu ewúrẹ́? Àwọn tí nǹkan kò ṣe ló máa ń wà ní ibùdó láti sọ pé nǹkan kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbọ́, wọ́n mi orí, wọ́n ní "Pùròfẹ́ ti sọ̀rọ̀", bí ẹni pé olùkọ́ ni mí, wọ́n sì gun alùpùpù wọn lọ, wọ́n lọ pa ẹ́ńjìnnì lórí òkè.

Mo wá rántí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló kọ́ èmi fúnra mi, dáìsì ni. Mo fọ ìgò máyọ̀nésì kan mọ́, mo ju dáìsì méjì sínú rẹ̀, mo dé e, mo sì gbé e fún àbúrò mi.

"Bí o bá ti dé orí òkè, gbọ̀n ọ́n kí o tó pa ẹ́ńjìnnì. Bí méjèèjì bá bọ́ sí mẹ́fà, o ò ní ṣe rúlíbù lẹ́ẹ̀kan yẹn. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ ọ́."

"Mẹ́fà méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Kò lè jáde láé."

"Ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rìndínlógójì ni. Bí o bá gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí kò jáde, èmi ni màá gún fùfú ilé wa ní Sunday. Bí ó bá jáde, ìwọ ni."

Ó gbà, nítorí ó mọ bí mo ṣe ń gún fùfú, ó sì ń wu gbogbo ẹbí láti wò ó. Ní ọjọ́ kìíní, kò jáde. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó jáde, nígbà tí olùkọ́bìnrin kan tó ń bọ̀ láti Kamina wà lẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò mi ní òun wo ìgò náà bí ẹni tó rí ejò nínú rẹ̀. Ní Sunday, ó gún fùfú, àágùn bò ó, ìyàwó mi sì ń sọ fún un pé kókó ṣì wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò dá ìgò náà padà. Ó di eré ní ibùdó. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè: "Ṣé ẹ ti gbọ̀n ọ́n?" Obìnrin kan tó gbé tòmátì ní òun ni yóò gbọ̀n ọ́n fúnra òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á gun ọkọ̀ ẹlòmíràn. Inú mi dùn, mo rò pé ẹ̀kọ́ ti ń wọlé.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo wà lórí òkè nígbà tí ìyá wa fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ó ti jókòó, ó ti so gèlè rẹ̀ le. Àbúrò mi mú ìgò náà jáde.

"Gbé e wá," ìyá wa ní. "Gbogbo ayé ló ti gbọ̀n ọ́n tán àfi èmi."

Ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń gbọ̀n oògùn ikọ́. Mẹ́fà àti mẹ́fà.

"Áà, ẹ tún un gbọ̀n," àbúrò mi ní. "Ìyẹn kò kà, ẹ kò dì í mú dáadáa."

"Ta ni kò dì í mú? Tan ọkọ̀ rẹ. Ọ̀rọ̀ tí o bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ, o kò ní bà á jẹ́ nítorí èmi."

Ó tan án, ó ń kùn. Wọ́n lọ. Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà tó ń dún fọ̀n-ìn-fọ̀n-ìn lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ fèrè, gígùn kan, òmíràn tún tẹ̀ lé e, ariwo ènìyàn, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bàtà mi kan ṣì wà lórí òkè.

Nígbà tí mo yọ sí ẹ̀yìn àpáta, ọmọlanke kan tó kún fún iṣu ló dábùú ọ̀nà láti etí kan dé èkejì, táyà rẹ̀ kan ti yọ. Àwọn tó ń tì í gbọ́ fèrè, wọ́n sì ti fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Alùpùpù àbúrò mi dúró síwájú iṣu náà, kò ju kí ènìyàn na ọwọ́ kó fi kàn án lọ. Òun fúnra rẹ̀ ṣì di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Ìyá wa ṣì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń bá oníṣu náà ná ọjà.

"Èyí tó tóbi yẹn ńkọ́? Rárá, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀."

Kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó kan àtàrí, gbogbo ibùdó ti gbọ́. Bí wọ́n sì ṣe gbọ́ ọ ló bí mi nínú: wọ́n ní ìgò mi ń ríran. Wọ́n ní ó rí ọmọlanke náà láti òkè. Àgbà sẹmíjàn tó kọ́ mi ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, òun gan-an, wá bá mi ní ìsọ̀ pé kí n ṣe irú rẹ̀ kan fún òun, kí n sì sọ ohun tí mo fi sí i lára.

"Máyọ̀nésì ni mo fi sí i!" mo pariwo. "Dáìsì yẹn kò mọ nǹkan kan!"

"O ò fẹ́ sọ ni," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ̀.

Nílé ìyá wa, lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo ṣì ń ráhùn. Mo ní èèṣì lásán ni. Mo ní ọmọlanke náà kò mọ̀ pé wọ́n gbọ̀n dáìsì, dáìsì náà kò sì mọ̀ pé ọmọlanke wà. Àbúrò mi ní kí n rọra, pé ohun tí òun rí ni òun rí, àti pé láti ìsinsìnyí lọ, òun kò ní fi ìgò náà ṣeré mọ́. Gbogbo ìgbà tí mẹ́fà méjì bá jáde, òun á tan ẹ́ńjìnnì.

Ìyá wa gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bí ó bá jẹ́ méjì àti mẹ́ta ni mo gbọ̀n ńkọ́?"

Àbúrò mi ṣíwọ́ jíjẹ.

"Mò ń bi yín. Ṣé ọmọlanke náà kò ní sí níbẹ̀ ni?"

Àbúrò mi yíjú sí ibi tí alùpùpù rẹ̀ wà. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ ọ́. Mo ti sọ ọ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà, pẹ̀lú ìdá méje nínú mẹ́wàá, pẹ̀lú ìgò epo, kò sì sí èyí tó dé ibi tí ìbéèrè yẹn dé. Ó ti ń sọ̀kalẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, ó sì dà bí ẹni pé méjì àti mẹ́ta ló ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà, tí ẹ́ńjìnnì sì wà ní pípa.

Ó dìde, ó lọ sí ìdí alùpùpù rẹ̀, ó sì gbé ìgò náà wá fún mi. Ó ní òun kò nílò rẹ̀ mọ́, òun á máa tan ẹ́ńjìnnì nígbà gbogbo, kí n sì jọ̀wọ́ má fi ìṣirò kankan kún un, nítorí òun ti gbọ́. Mo gba ìgò náà, n kò sì sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi kò gbà gbọ́ pé mo dákẹ́ nígbà tí mo sọ fún un.

Ìyá wa nìkan ló pàdánù nǹkan kan, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ń ké kò jẹ́ kó gbọ́ ẹyẹ mọ́. Wọ́n ti wá ọgbọ́n dá sí i. Bí wọ́n bá ti dé orí òkè, àbúrò mi á dúró, á pa ọkọ̀, ìyá wa á jókòó sẹ́yìn rẹ̀ bí ó bá ti wù ú tó, á máa wo òrùlé àwọn ilé àti àwọn òkè tó wà níwájú, á máa gbọ́ ẹyẹ rẹ̀. Bí ó bá ti tó o, á gbá àbúrò mi léjìká, òun á sì tan ọkọ̀. Wọ́n máa ń pẹ́ dé ọjà báyìí.

Epo ń jó sí i, ìgò kan lọ́sẹ̀ ó dín ìka méjì. Ṣùgbọ́n ìjánu ẹ̀yìn alùpùpù náà ti ń pẹ́ kó tó jẹ tán báyìí, àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ ìyẹn ní ibùdó, bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ ronú kàn án. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìjánu tiwọn náà. N kò dá sí i. Mo kàn gbé àpótí mi lọ síbi àpáta ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, mo jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, mo sì ń fetí sí ohun tó ń bọ̀ lókè. Ẹnì kan ṣì yọ́ kọjá láìdún, ó sì wolẹ̀ nígbà tó rí mi. Ẹlòmíràn tó tún yọ́ kọjá ní kíìkì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti tan ọkọ̀ òun ló bàjẹ́, pé bí òun bá pa ọkọ̀, ó di ìsàlẹ̀ kí òun tó lè tan án. Àwọn tí mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì wọn kí n tó rí wọn jẹ́ mẹ́tàdínlógún nínú mọ́kàndínlógún.